Ẹ Gba Àyè Lọ́wọ́ Àdán

Ẹ̀yin ará ilé, òótọ́ ni, mo ra ilé sí Wales, ní Bìrìtéènì. Ẹ má kàn jẹ́ kí fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ tàn yín jẹ. Ilé òkúta ni, ó ti lé ní ọdún 200, ní abúlé tí àgùntàn ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Kóòtù ni mo fi ń sùn níbẹ̀.

Bàbá wa kọ́ ilé tiwọn ní Pópó-Ọba l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ yìí kí atẹ́gùn ọ̀sà lè gba fèrèsé kan wọlé, kó gba òmíràn jáde. Ẹ ń yìn wọ́n títí dòní. Lọ́hùn-ún, ìnáwó àkọ́kọ́ ni kí a dí gbogbo ihò. A dí abẹ́ ilẹ̀kùn, a dí etí fèrèsé, a dí ojú èéfín. A dí i tán, ọ̀gá birikìlà ní afẹ́fẹ́ ò wọlé mọ́, ògiri á húkasí, kí n ra ẹ̀rọ tí á máa fa afẹ́fẹ́ wọlé. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé èyí tí mo sanwó kí ẹ lé jáde náà ni mo tún fẹ́ sanwó kí ẹ lọ pè wá?" Ó ní òun gan-an ni.

Ẹ ní kí n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri? Èèwọ̀! Wọ́n ní ògiri àtijọ́ ń mí, láìmù, ẹfun òkúta tí wọ́n sun, ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ. Tí sìmẹ́ǹtì bá bò ó, omi á há sínú rẹ̀. Ògiri ń mí, èmi ni mi ò ráyè mí.

Fèrèsé ńkọ́? Ìjọba ti kọ ilé náà sínú ìwé ilé àtijọ́, mi ò gbọdọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ láìgbàṣẹ. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó ti àdán.

Àdán wà ní àjà mi. Òfin ní a ò gbọdọ̀ pa wọ́n, a ò sì gbọdọ̀ ba ibùgbé wọn jẹ́, kódà tí wọn ò bá sí nílé! Èmi tí mo kúrò l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, kò pẹ́ rárá tí Àǹtí fi kó àpò gaàrí sí yàrá mi. Kí n tó lè fọwọ́ kan àjà náà, mo sanwó fún ọ̀mọ̀ràn kan tó gbé àga síta nírọ̀lẹ́, tó ń ka àdán bí wọ́n ṣe ń jáde. Èyí tó bá fò kọjá, á fa ìlà sínú ìwé. Iṣẹ́ ni o!

Ẹ̀rọ amúlégbóná ló kù. Ìta ni wọ́n gbé e sí, ó ń fa ooru látinú òtútù wọlé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyá ẹlẹ́ja, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn fìrísà yín lọ́jà Olúwo: ooru tó kúrò lára ẹja ló wà níbẹ̀. Èmi, gbogbo ìta Wales ni ẹja tèmi. Iná ìdá kan tó bá jẹ, ooru bí ìdá mẹ́ta ló ń kó wọlé.

Ìjọba tiẹ̀ dá 7,500 pọ́n-ùn sí i. Bọ̀ọ̀dá, mo rí yín bí ẹ ṣe gbérí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, owó yẹn ò dọ́wọ́ mi. Ẹni tó wá ri ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ ni wọ́n san án fún.