Àtúnṣe: Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò tíì gba Ukraine wọlé

Fídíò kan ń lọ láti fóònù dé fóònù: àwọn aṣòfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún Zelensky, ààrẹ Ukraine, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì àwọ̀ ewé lójú amóhùnmáwòrán ńlá. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọjọ́ yẹn ni Yúróòpù gba Ukraine wọlé. Irọ́ ni o.

Ọjọ́ 1 oṣù Ẹrẹ́nà 2022 ni ìjókòó yẹn. Ogun tí Rọ́ṣíà gbé ko Ukraine kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Kódà, ohùn ògbufọ̀ tó ń túmọ̀ Zelensky sí Gẹ̀ẹ́sì há mọ́ ọn lọ́fun. Àwọn aṣòfin dìbò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn lásán ni ìbò náà. Oṣù Òkúdu ọdún yẹn ni àwọn olórí orílẹ̀-èdè 27 tó wà nínú àjọ náà fi Ukraine àti Moldova sára àwọn tó lè máa retí ìgbàwọlé. Oṣù Òkúdu 2024 ni ìjíròrò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pín in mọ́. Ó ń jẹ́ kí èèyàn rò pé Yúróòpù ti parí iṣẹ́ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibi tó le ṣì wà níwájú: gbogbo orílẹ̀-èdè 27 náà gbọ́dọ̀ fẹnu kò, ẹyọ kan ṣoṣo tó bá kọ̀, ó tán. Ẹ wo Àríwá Makedóníà. Láti 2005 ló ti ń retí. Gíríìsì ní òun ò fẹ́ orúkọ Makedóníà tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, Makedóníà sì pààrọ̀ orúkọ ní 2019. Nígbà tó di 2020, Bulgaria tún dí i lọ́nà.