Èsì sí oníbàárà wa ní Súrúlérè tó ní ewé mate wa korò

Ẹ kú ilé o, mà. Ẹ ṣeun tí ẹ ra mate lọ́wọ́ wa, ewé tí wọ́n ń rẹ sínú omi gbígbóná mu bíi tíì ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ẹ sì ṣeun tí ẹ sọ tinú yín síta. Ìràwọ̀ méjì lẹ fún wa. Ẹ ní ewé náà korò débi pé ẹ dà á nù, pé igi àti eruku ló kún inú rẹ̀, pé ó ń rùn èéfín, pé ẹ ò rí igbá àti sitirọ́ọ̀ onírin tó wà nínú àwòrán, àti pé ojú yín là kedere títí ilẹ̀ fi mọ́ lọ́jọ́ tí ẹ mu ún. Ẹ tún kọ ọ́ pé ẹ sè é fún ogún ìṣẹ́jú kí agbára rẹ̀ lè jáde. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ewé yìí kì í ṣe àgbo, mà. A kì í sè é. Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn: ewé tó bá máa ṣiṣẹ́ lára, ẹ gbé e kaná, kó hó, kó tún hó, kí omi rẹ̀ pọ́n. Fún èèpo igi àti egbò, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Ṣùgbọ́n ewé mate ti rí iná, wọ́n ti gbẹ ẹ́, wọ́n sì ti lọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìdúmọ̀tà. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ohun tó dùn nínú rẹ̀ ti bọ́ sínú omi. Ohun tí omi híhó ń wọ́ jáde lẹ́yìn ìyẹn ni kíkorò tó ń mú ahọ́n gan. Ní Argentina, níbi tí wọ́n ti ń mu ún láti àárọ̀ dalẹ́, bí omi bá ṣèèṣì hó, wọ́n á ní kò dára mọ́ fún mate, pé ṣe ló máa jó ewé. Omi tó gbóná tó 70 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ń wá.

Kò sí ìdí láti ra ẹ̀rọ tó ń wọn ooru. Ẹ bu ife omi híhó méjì sínú jọ́ọ̀gì, kí ẹ bu ife kan omi lásán lé e, omi tó wà nínú ilé, kì í ṣe ti fìríìjì. Omi ilé l'Ékòó kì í sábà jìnnà sí 28. Tí ẹ bá pò ó pọ̀, ó máa bọ́ sí nǹkan bíi 76. Ife kan náà ni kí ẹ fi bu méjèèjì o, torí bẹ́ẹ̀ ni ìṣirò náà ṣe máa pé.

Ẹ wá mú ife tí ẹ fi ń mu tíì. Ẹ da ṣíbí ìjẹun kan tó kún dáadáa sínú rẹ̀. Ẹ má tíì da omi gbígbóná sí i. Omi tútù díẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ́n sí i, èyí tó máa kàn rin ewé náà. Ẹ dúró díẹ̀, ẹ máa rí i tí ó ń mu omi náà tó sì ń wú. Ẹ má fo ibẹ̀ yẹn, òun ni kì í jẹ́ kí ooru kan ewé ní gbígbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi inú jọ́ọ̀gì sí i, kí ẹ fi àwo kékeré dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún. Asẹ́ tíì ni kí ẹ fi sẹ́ ẹ. Bí kò bá sí asẹ́, aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì máa ṣe é, ṣùgbọ́n kó jẹ́ aṣọ tuntun tí ẹ ti fọ̀. Èyí tí ẹ ti fi sẹ́ ògì rí máa gbé ìkan rẹ̀ wọ inú mate, kò sí bí ẹ ṣe lè fọ̀ ọ́ tó. Ẹ má sì fún aṣọ náà. Ẹ jẹ́ kó máa kán fúnra rẹ̀, torí fífún ló ń ti eruku rẹ̀ gba inú aṣọ kọjá. Ẹ tún lè da omi sí ewé kan náà lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣì máa ní adùn. Ẹni tó bá ti ní ife gíláàsì tí wọ́n fi ń tẹ kọfí nílé, ó lè lò ó, kò pọn dandan.

Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ kí ẹ tó gbé e sẹ́nu, mà. Lọ́dún 2016, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń wádìí jẹjẹrẹ sọ pé ó ṣeé ṣe kí ohun mímu tó bá gbóná ju 65 lọ máa fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. Ooru ni wọ́n bá wí, kì í ṣe ewé náà.

Ní ti igbá àti sitirọ́ọ̀, a kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé ewé nìkan ni iye yẹn wà fún. Bombilla ni wọ́n ń pe sitirọ́ọ̀ náà. Asẹ́ wà ní ìdí rẹ̀, kí ewé má bàa wọ ẹnu ẹni tó ń mu ún. Ẹ ti ní asẹ́ nílé, nítorí náà n kò ní rọ̀ yín láti tún náwó lé e. Kèrègbè ni igbá náà, irú èyí tí àwa náà ń gbìn gan-an. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ra èyí tí wọ́n kun ọ̀dà sí lára lọ́jà kí ẹ fi mu nǹkan gbígbóná.

Igi inú rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí. Òfin oúnjẹ Argentina gbà kí igi tó 35 nínú ọgọ́rùn-ún nínú irú mate tí ẹ rà yìí, igi náà ló sì ń dín kíkorò rẹ̀ kù. Eruku yẹn, ewé tó kúnná ni. Ní ti èéfín, bí wọ́n bá ti já ewé, wọ́n á yára mú un gba inú iná kọjá kó má bàa dúdú, kí wọ́n tó gbẹ ẹ́. Òórùn náà kì í lọ tán. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ, kó bá wa sọ̀rọ̀ kó tó rà, torí oríṣi kan wà tí èéfín kì í kàn.

Ẹ ní màmá yín àgbà ní Campos, tó jẹ́ ọmọ Àgùdà, sọ pé àwọn kò gbọ́ irú ewé yìí rí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bahia ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn ti wá, ìhà gúúsù Brazil ni mate sì ti ń hù, ní Paraná, Santa Catarina àti Rio Grande do Sul. Àwọn ará Lebanon àti Síríà tó wà l'Ékòó ló mọ̀ ọ́n. Àwọn èèyàn wọn tó ti ṣe àtìpó ní Argentina ló gbé e padà sílé.

Ọ̀rọ̀ oorun ká mi lára, torí aago mẹ́sàn-án alẹ́ lẹ ní ẹ mu ún. Káfíìnì wà nínú mate, ohun kan náà tó wà nínú obì tí àwọn awakọ̀ ń jẹ lóru. Àárọ̀ ni kí ẹ máa mu ún, tàbí ọ̀sán. Aláboyún àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kí wọ́n bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ ná. Ẹ tún ní ẹnì kan sọ fún yín pé ó ń yọ ikùn. A ò kọ ọ́ sára páálí, a ò sì ní kọ ọ́ láéláé. Ohun mímu ni à ń tà.

Ẹ ní ojú ń tì yín pé ẹ fi mílíìkì àti ṣúgà sí i. Kí ló dé, mà? Ní Argentina, mate cocido ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n sẹ́ sínú ife, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń fi mílíìkì àti ṣúgà mu ún láàárọ̀.

Ṣùgbọ́n nínú ooru tó ń mú wa yìí, tútù ni mo fẹ́ kí ẹ gbìyànjú. Tereré ni wọ́n ń pè é ní Paraguay, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, sì fi àṣà rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ àwọn àṣà tó yẹ ká pa mọ́ lọ́dún 2020. Àwọn eléwé wà lọ́jà Asunción tí wọ́n ń gún ewé tútù sínú omi rẹ̀ fún oníbàárà. Ẹ da ṣíbí mẹ́ta sínú ìgò omi lítà kan, kí ẹ gbé e sínú fìríìjì di ọjọ́ kejì, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bí kò bá sí iná, ẹ ra yìnyín. Ẹ lè fi ewé tíì tútù díẹ̀ sí i pẹ̀lú. Omi tútù kì í fa kíkorò rẹ̀ jáde púpọ̀, nítorí náà ó ṣòro kí èyí bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ ní páálí náà kù ju ìdajì lọ. Ẹ fi rọ́bà de ẹnu rẹ̀ dáadáa kí ọ̀rinrin má wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá ṣe é báyìí tó ṣì korò, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí yìí, kí ẹ sọ iye ṣíbí tí ẹ bù àti bó ṣe pẹ́ nínú omi tó, a ó jọ wò ó.