Ẹ Tún Ifá Eré Náà Dá

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún.

Ẹni tí nǹkan ò rọgbọ fún la sábà máa ń fi òwe yìí tù nínú. Ẹ tún un gbọ́. Babaláwo ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wò gan-an ni kò gbára lé ohun tó rí lọ́jọ́ márùn-ún sẹ́yìn. Àwa tí a máa ń dá eré lẹ́jọ́ ni mo fẹ́ fi bá wí, èmi náà sì wà níbẹ̀.

Eré kan wà tó ń jẹ́ Halt and Catch Fire. Oṣù kẹfà ọdún 2014 ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n AMC ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde. Àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà nítòsí Dallas ní 1983 ló dá lé: Joe MacMillan ẹlẹ́nu dídùn, Gordon Clark, ẹnjiníà tí ìjákulẹ̀ ti tán ní sùúrù, àti ọmọge Cameron Howe tí orí rẹ̀ pé ju tiwọn lọ. Joe ni wọ́n gbé síwájú ní apá kìíní. Ọ̀pọ̀ aláríwísí ní kò burú, kò sì dáa tó. Òǹwòran ò pọ̀. Abala kẹta ni èmi ti pa á.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo dúró ti àǹtí mi kan nídìí ìkòkò aró ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta níbí. Wọ́n ti fi ìyẹ́ adìẹ kọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ wọn tán, wọ́n rì í bọ aró, wọ́n fà á yọ. Àwọ̀ ewé ló yọ, bí omi ewédú àná. Mo ní, "Àǹtí, aṣọ yín ti bàjẹ́ o." Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n nà án sókè kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ojú mi kòrókòró ló ṣe di àwọ̀ aró. Wọ́n tún rì í, wọ́n tún sá a, títí ó fi dúdú minimini.

Apá kejì eré yìí ni ìgbà tí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Cameron àti Donna, ìyàwó Gordon, bọ́ síwájú. Wọ́n dá iléeṣẹ́ Mutiny sílẹ̀, táwọn èèyàn fi ń bára wọn ṣe géèmù láti ilé kálukú nípasẹ̀ wáyà tẹlifóònù. Inú ilé gbígbé ni wọ́n ti ń ṣe é, wáyà ta kókó nílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kún pálọ̀, wọ́n ń wo Donna bí ìyá ilé. Bẹ́ẹ̀ ẹnjiníà lòun náà! Ìbínú tó ń gbé mì yẹn, mo mọ̀ ọ́n lójú ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílùú yìí.

Àwọn aláríwísí padà wá, wọ́n yìn ín gidigidi. Òǹwòran ni kò padà. Ogójì abala ló jẹ́, ó parí ní oṣù kẹwàá 2017. Ó dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fà mí padà sídìí rẹ̀: "Jókòó, o ò tíì wò ó." Abala mẹ́ta ló kù nígbà tí iná lọ. Inú òkùnkùn la jókòó sí, a ń jiyàn lórí Donna àti Cameron títí iná fi dé.