Ẹ Yé Tẹ Kókó Ọrùn Ọmọ Tuntun Mọ́

Mo tún ti gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Kubwa, l'Ábújá: "Kókó ọrùn ọmọ jòjòló kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọsibítù. Ẹ fi omi gbígbóná àti òrí tẹ̀ ẹ́, á yọ́." Gbogbo ilé ń mi orí. Èmi ò mi tèmi o.

Kí ló fẹ́ yọ́ níbẹ̀? Ọ̀kan tó wọ́pọ̀ nínú àwọn kókó wọ̀nyí, inú iṣan ló wà, iṣan tó ti ẹ̀yìn etí sọ̀kalẹ̀ dé eegun òkè àyà. Ó máa ń le. Kì í sábà hàn lọ́jọ́ ìbí. Tí ọmọ bá pé bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ni ìyá máa ń kíyè sí i. Orí ọmọ á fì sápá ibi tí kókó wà, àgbọ̀n á kọjú sí òdìkejì. A máa ń rí i lára ọmọ tó fi ìdí wáyé tàbí tí ìrọbí rẹ̀ le. Púpọ̀ nínú wọn ló sì máa ń lọ láàárín oṣù mélòó kan, yálà ẹ fi òrí pa á tàbí ẹ ò fi pa á. Òrí kàn ń gba ìyìn iṣẹ́ tí kò ṣe ni.

Àkọ́bí mi ní i lápá ọ̀tún. Wọ́n ṣe sìkáànù, wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa rọra yí ojú rẹ̀ sápá tí kókó wà, kí n sì máa dà á dojúbolẹ̀ tó bá lajú sílẹ̀. Kó tó pé ọmọ ọdún kan, ọrùn ti tọ́. Ó dáa, àwọn díẹ̀ máa ń nílò iṣẹ́ abẹ. Ṣé ẹni tó ń po omi gbígbóná ló máa mọ̀ wọ́n?

Èyí tó rọ̀, tó kún fún omi, ọ̀tọ̀ ni. Ó lè wú lójijì, kó sì fún ọ̀nà èémí ọmọ pa. Ìyẹn lẹ fẹ́ tẹ̀? Ẹlòmíì tiẹ̀ á gbé ọmọ lọ fún wanzami, onígbàjámọ̀ ìbílẹ̀ Hausa, kó fi abẹ sín in ní gbẹ́rẹ́, bí ẹni pé tẹ́tánọ́ọ̀sì ò sí láyé. Wọ́n á ní ìyá àwọn náà ṣe é, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n. Mo gbọ́.

Kókó yòówù tẹ́ ẹ bá rí lọ́rùn ọmọ tuntun, ẹ gbé e lọ fún dókítà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àmọ́ tó bá ń mí pẹ̀lú ariwo, tí ètè rẹ̀ ń ṣú, tí kò lè fa ọmú, tí ara rẹ̀ gbóná dé 38°C, tàbí tí kókó náà pupa tó sì ń wú kíákíá, ẹ wá ọkọ̀ lọ́wọ́ kan náà, ì báà jẹ́ ọsibítù ńlá Gwagwalada lẹ máa bá a dé.