Kí Oníléeṣẹ́ Má Jẹ́rìí Ara Rẹ̀ Nínú Ìwé Ìmọ̀ Ọ̀fẹ́

Láti Kàbà dé Ìsánlú, láti Mọ̀pà dé Ẹ̀gbẹ̀, ẹni tí ó bá ní iléeṣẹ́ tí ó ń gbèrú ní ilẹ̀ Òkun, ní ìwọ̀-oòrùn Kogi, lónìí mọ̀ pé kí oníbàárà tó ti Àbújá tàbí Èkó fi owó ránṣẹ́, yóò ti kọ́kọ́ wá orúkọ iléeṣẹ́ náà lórí Google. Ìdí nìyí tí àwọn kan nínú wọn fi ń bẹ ọmọ wọn tí ó mọ kọ̀ǹpútà lò, tàbí òṣìṣẹ́ kan nínú ọ́fíìsì, pé kí ó bá wọn ṣí ojú-ìwé kan sí Wikipedia, kí ó sì kọ ohun rere nípa iléeṣẹ́ náà síbẹ̀. Àwa oníròyìn kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó fẹ́ kí aráyé mọ iṣẹ́ ọwọ́ òun. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí oníléeṣẹ́ kọ ojú-ìwé iléeṣẹ́ ara rẹ̀ sínú ìwé ìmọ̀ tí gbogbo ayé ń kà, kò sì yẹ kí ó rán ọmọ tàbí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2001, tí Jimmy Wales àti Larry Sanger ti dá Wikipedia sílẹ̀, ni ó ti wà ní ṣíṣí fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kọ nǹkan sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí sí pé ohun tó bá wu kálukú ló lè kọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá kọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìtọ́kasí, ìyẹn ni pé ẹlòmíràn tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ti tẹ̀ ẹ́ jáde níbòmíràn. Ohun tí a ń kọ nípa rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí àwọn tí kò sí lábẹ́ rẹ̀ ti kọ nípa rẹ̀ ní kíkún. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2014, ẹni tí ó bá ń gbowó kọ nǹkan síbẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ní gbangba ẹni tí ó san owó náà àti ẹni tí òun ń ṣiṣẹ́ fún, òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ rán níṣẹ́ sì wà lára wọn. Òfin wọ̀nyí tọ́ lójú wa. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú gbólóhùn kan wò, irú èyí tí oníléeṣẹ́ máa ń kọ láìronú lẹ́ẹ̀mejì: “Iléeṣẹ́ yìí ni ó gbawájú nínú ṣíṣe gààrí ìgbàlódé ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Kogi.” Ta ni ó wọ̀n ọ́n? Àwọn wo ni wọ́n fi wé, ní ọdún wo? Bí olóòtú kan bá yọ ohun tí kò ní ẹ̀rí kúrò nínú rẹ̀, ohun tí yóò kù kò ju pé iléeṣẹ́ kan wà ní Ìyàrà tí ó ń ṣe gààrí, ìyẹn gan-an sì ń wá ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ó kọ gbólóhùn náà lè má purọ́. Ó rántí owó tí ó yá àti òru tí ó fi dúró ti ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni yóò kọ ọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ kò gbowó oṣù lásìkò kan, tàbí pé omi ẹ̀gẹ́ ń ṣàn lọ sí odò tí ará abúlé ń pọn. Agbọ́ẹjọ́ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ìwé ìmọ̀ tí ó bá gba ọ̀rọ̀ oníléeṣẹ́ nìkan wọlé ti di òṣìkà sí ẹni tí ó ń kà á.

Kò sì sí ibi tí èèyàn lè fi í pamọ́ sí. Ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan ní ibi tí wọ́n ń pè ní “ìtàn”, níbi tí ọjọ́, wákàtí àti orúkọ ẹni tí ó ṣàtúnṣe ti hàn, tí gbólóhùn tí ó yọ àti èyí tí ó fi rọ́pò rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní ọdún 2005, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé Jimmy Wales fúnra rẹ̀ ti ń ṣàtúnṣe sí ojú-ìwé tí ó sọ nípa rẹ̀. Òun náà sì gbà pé kò yẹ kí òun ṣe é.

Ẹni tí ó bá sì háyà àjèjì lè kó sínú wàhálà tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2015, Wikipedia ti àkáǹtì 381 pa, ó sì pa ojú-ìwé 210 rẹ́, nítorí ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pe ọ̀ràn wọn ní Orangemoody. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń wá àwọn oníléeṣẹ́ kéékèèké tí Wikipedia kò gba ojú-ìwé wọn wọlé, wọ́n á gbowó lọ́wọ́ wọn pé àwọn yóò bá wọn gbé e wọlé, lẹ́yìn náà wọ́n á tún máa béèrè owó kí ẹnikẹ́ni má baà pa á rẹ́. Kí oníléeṣẹ́ wa ṣọ́ra fún ẹni tí ó bá wá sọ fún un pé òun ní ènìyàn nínú Wikipedia.

Oníléeṣẹ́ lè bi wá ní ìbéèrè kan tí a kò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: bí àwa kò bá kọ ọ́, ta ni yóò kọ ọ́? Ìwé ìròyìn ńláńlá kì í sábà rántí ìwọ̀-oòrùn Kogi àfi bí ìbò bá dé tàbí bí ajínigbé bá ṣọṣẹ́. Òótọ́ ni, ó sì dùn wá. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ni a nílò, iṣẹ́ àwa oníròyìn sì ni láti jẹ́ ẹlẹ́rìí náà. Nígbà tí Elisha Renne, obìnrin onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí lórí aṣọ híhun ní Bùnú tí ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1995, kì í ṣe pé ó ń ta aṣọ. Nítorí náà ni ẹni tí ó bá fẹ́ kọ nípa aṣọ Bùnú lónìí ṣe ní ohun tí yóò tọ́ka sí. Ìwé ìròyìn tí ó gba owó lọ́wọ́ oníléeṣẹ́ kí ó tó “fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò” kò jẹ́rìí kankan. Irú ìròyìn tí wọ́n san owó rẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Nàìjíríà débi pé àwọn olóòtú Wikipedia ń fura sí i, wọ́n sì ń fi ojú kan náà wo ìròyìn tí kò lábòsí.

Oníléeṣẹ́ tí ó bá rí àṣìṣe nínú ohun tí ẹlòmíràn kọ nípa iléeṣẹ́ rẹ̀ lè lọ sí ojú-ìwé ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó sọ ẹni tí òun jẹ́, kí ó fi ẹ̀rí hàn, kí ó sì fi àtúnṣe náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó lè fi àwòrán tí ó jẹ́ tirẹ̀ ta Wikimedia Commons lọ́rẹ, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kó àwòrán ọ̀fẹ́ tí Wikipedia ń lò sí. Bí ó bá fẹ́ ki iléeṣẹ́ rẹ̀ ní oríkì, orí ìkànnì tirẹ̀ ni ààyè rẹ̀ wà.

Ohun tí àwa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn oníléeṣẹ́ Yàgbà, Ìjùmú, Kàbà, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ni pé kí wọ́n ṣí géètì wọn fún oníròyìn, kí wọ́n mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn jáde, kí wọ́n sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀gá dúró tì í. A kò ní gba kọ́bọ̀ fún irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ra ojú-ìwé láti yin ara rẹ̀, a ó tà á fún un, a ó sì kọ ÌPOLÓWÓ gàdàgbà sí orí rẹ̀.