Irọ́ ni pé modular kò wúlò fún orin wa

Bí ènìyàn bá dárúkọ modular, irú ẹ̀rọ orin tí ènìyàn fúnra rẹ̀ ń fi wáyà so pọ̀, ní ọ̀pọ̀ stúdíò tó wà láàárín Sábó àti Agric níbí ní Ìkòròdú, èsì kan náà ló máa gbọ́: ariwo òyìnbó ni. Wọ́n á ní àwọn tó ń lò ó ò ṣe ju kí wọ́n máa so wáyà mọ́ wáyà kí nǹkan máa han gooro lọ, pé kò sí bí wọ́n ṣe lè fi ṣe fújì, àpàlà, jùjú tàbí Afrobeats. Àwọn mìíràn á fi kún un pé ti olówó ni. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, mo sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ti pẹ́ nídìí bíìtì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, torí irinṣẹ́ tí wọ́n ń lé jáde yẹn bá ìlù wa mu ju ọ̀pọ̀ èyí tí a ń lò lójoojúmọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ ná. Synth, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dá ohùn fúnra rẹ̀, tí ẹ mọ̀ nínú FL Studio tí a fi ń ṣe bíìtì lórí kọ̀ǹpútà, ẹni tó ṣe é ti so gbogbo inú rẹ̀ pọ̀ tán kó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ ó yan ohùn tó wù yín, ẹ ó yí bọ́tìnì méjì mẹ́ta, ó parí. Ti modular, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó ẹ̀yà ara rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní module, sílẹ̀: oscillator tó ń bí ohùn, filter tó ń gé e, envelope tó ń sọ bí ohùn ṣe máa bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ṣe máa kú, sequencer tó ń sọ ìgbà tí ohùn kọ̀ọ̀kan máa dún. Ẹ̀yin lẹ máa fi wáyà so wọ́n. Ti orí kọ̀ǹpútà náà kò yàtọ̀, àfi pé máòsì lẹ fi ń fa wáyà ọ̀hún.

Ní 1964 ni Robert Moog gbé tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Láàárín àwọn ọdún yẹn náà ni Don Buchla ń ṣe tirẹ̀ ní California. Moog fi kíbọ́ọ̀dù bíi ti dùùrù sí i. Buchla kọ̀, àwo pẹlẹbẹ tí ènìyàn ń fọwọ́ kàn ló lò, torí kò fẹ́ kí wọ́n fi ọgbọ́n dùùrù lu ohun èlò tuntun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ẹ̀rọ yìí ò ní orin kan pàtó tó jẹ́ tirẹ̀. Iná tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Bí Moog bá fẹ́ kí ohùn gòkè ní octave kan, ìyẹn láti dò dé dò tó tẹ̀lé e lókè, volt kan ló máa fi kún iná náà, òfin yẹn sì ni VCV Rack, ètò modular orí kọ̀ǹpútà, àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀lé lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà lásán ni volt tiwọn. Ìkòkò tí òyìnbó ṣe, ṣé ẹ̀fọ́ máa kọ̀ láti jinná nínú rẹ̀ ni?

Níbo wá ni èrò náà ti wá? Fídíò ló fà á jù. Ní àárín àwọn ọdún 1990, Dieter Doepfer ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn module kéékèèké tí à ń pè ní Eurorack, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì tẹ̀lé e. Module kan ṣoṣo lè gba ọgọ́rùn-ún dọ́là tàbí ìlọ́po mélòó kan rẹ̀, a ò tíì ka àpótí àti ẹ̀rọ tó máa fún un ní iná. Àwọn tó lówó rẹ̀ tí wọ́n sì ráyè rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn fẹ́ràn ohùn àràmàǹdà, àwọn náà ló sì ń fi í hàn wá. Ẹni tó bá ti wo irú fídíò bẹ́ẹ̀ lémọ́lémọ́ á gbà pé ohun tí ẹ̀rọ náà mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Ohun tí àwọn tó ń lò ó fẹ́ràn ló rí. Irú ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọn ì bá sọ sí synth gbogbo nígbà kan, bẹ́ẹ̀ olórin William Onyeabor ti wà ní Enugu tó ń fi synth gbé àwo orin jáde láàárín 1977 sí 1985.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Agogo.

Ẹ mọ agogo tí àwọn onímọ̀ orin ń pè ní kónkóló. Ẹ pín ìyípo rẹ̀ sí ipò 12 tó dọ́gba. Agogo á dún ní ipò 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12, á dákẹ́ níbi tó kù. Ẹ fẹnu ka ení dé èjìlá láìdúró, kí ẹ máa pàtẹ́wọ́ sí àwọn nọ́ńbà méje yẹn. Ẹ ò ní tíì kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí ara yín á ti dá a mọ̀.

Ẹ wá ṣí FL Studio. Àpótí 16 ló máa tò síwájú yín. Ó ṣeé yí padà o, mi ò purọ́ mọ́ ọn. Ta ló ń yí i? Ohun tí mo ń rí ni pé wọ́n á ká agogo náà wọnú 16 tipátipá, wọ́n á tì í síwá, wọ́n á tì í sẹ́yìn, títí tí kò fi ní jẹ́ kónkóló mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọn ó máa ṣe kàyéfì ìdí tí àwọn àgbà òde ò fi dìde jó.

Nínú modular, iye ipò tí ẹ bá fún sequencer ló máa rìn. Ẹ fún agogo ní 12, kí ẹ fún ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní 8, kí aago kan náà máa tì wọ́n méjèèjì. Wọ́n á jọ gbéra, wọ́n á pínyà, wọ́n á sì tún pàdé ní ìgbésẹ̀ kẹrìnlélógún kí wọ́n tó tún jọ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn onílù rí mọ̀ pé báyìí gan-an ni omele ṣe ń ṣe pẹ̀lú ara wọn: olúkúlùkù di tirẹ̀ mú, ìyá ìlù sì ń rìn lórí wọn bó ṣe wù ú.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ stúdíò mọ̀. Ní 2005, Godfried Toussaint ti yunifásítì McGill ní Kánádà kọ ìwé kan láti fi hàn pé ìṣirò Euclid, ará Gíríìsì ayé àtijọ́, lè bí ọ̀pọ̀ ìlù ìbílẹ̀ kárí ayé. Ọ̀nà tó gbà ṣe é, ọ̀dọ̀ onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Bjorklund ló ti rí i, ẹni tó fi í ṣètò ìgbà tí nǹkan á máa ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ neutron. Iṣẹ́ ìṣirò náà rọrùn: ẹ mú ìró 7, ẹ pín in sórí ipò 12, kí àlàfo àárín wọn súnmọ́ dídọ́gba bó bá ṣe lè ṣeé ṣe tó. Kónkóló ló máa jáde. Ohun tó kù fún yín ni kí ẹ yan ibi tí ẹ fẹ́ kó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe module sọ ìṣirò yìí di sequencer tí wọ́n ń pè ní Euclidean, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lóríṣiríṣi nínú àkójọ VCV. Ará Berlin tó ń fi í ṣe techno, agogo àwọn bàbá wa wà nínú bọ́tìnì tó ń yí. Àwa tí a ni agogo la wá ń sọ pé ẹ̀rọ náà kì í ṣe tiwa.

Ti dùndún ló dùn mí jù. Ẹ ti rí àwọn sample, ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, tí wọ́n ń tà, tí wọ́n kọ "talking drum" sí lára. Onílù kan jókòó níbìkan, ó fi ìlù sọ̀rọ̀. Ẹni tí ò gbọ́ Yorùbá gé ọ̀rọ̀ náà láàárín, ó fi ránṣẹ́ sí wa, àwa náà sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orin ìfẹ́. Kí ni ìlù ọ̀hún ń wí? Kò sẹ́ni tó béèrè. Ọmọ Yorùbá tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà, tó mọ̀ pé ìlù ń fọhùn, kò yẹ kó fara mọ́ ìyẹn.

Ẹ gba oscillator kan tó ń mú sine wá, ìró kan tó mọ́ gaara. Ẹ fi envelope kúkúrú sí i kó lè dún bí ohun tí wọ́n lù. Ẹ fi noise (ariwo lásán) díẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an, ìyẹn ni ọ̀pá ìlù tó ń kan awọ. Ẹ wá mú sequencer kan, kí ẹ yan volt mẹ́ta péré fún un: ọ̀kan fún dò, ọ̀kan fún re, ọ̀kan fún mí. Etí yín ni kí ẹ fi wọn àlàfo wọn, ẹ má lọ wo kíbọ́ọ̀dù. Orúkọ ìlú wa ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: Ìkòròdú, dò dò dò mí.

Bí ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó máa dà bíi fèrè ọmọdé. Slew limiter ló kù, module kékeré kan tí kì í jẹ́ kí volt fò lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́nu wa, bí ohùn òkè bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀, ṣe ló máa ń gùn lọ síbẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ bá tẹ̀lé òkè, á máa yọ̀ bọ̀. Onílù dùndún ń fún okùn awọ ara ìlù mọ́ra, ó ń tú u sílẹ̀, kó lè rí ìyọ́hùn yẹn mú. Slew limiter ń bá yín ṣe é, ẹ̀yin lẹ sì máa sọ bó ṣe máa yára tó. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀. Ibì kan wà tí "dú" á dé, tí ẹ ó gbọ́ Ìkòròdú ketekete láìsí pé ẹnikẹ́ni lanu.

Kì í ṣe pé kí ẹ fi èyí gba iṣẹ́ lọ́wọ́ onílù. Ọmọ Àyàn tó jókòó síwájú èrò, tó ń rí ojú wọn, kò sí wáyà tó lè ṣe tirẹ̀. Bí orin bá fẹ́ dùndún, ẹ pè é wá, ẹ sanwó rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé báàsì yín lè máa sọ Yorùbá. Ohùn synth tí ayé ò gbọ́ rí lè máa ki oríkì ẹni tó ń kọrin. Mi ò mọ irinṣẹ́ mìíràn lórí kọ̀ǹpútà tó gbà kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀ báyìí láìsí pé ó kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ program.

Ti owó ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni VCV Rack, láti 2017 tí Andrew Belt ti gbé e jáde. Èyí tí wọ́n ń sanwó fún, Pro, bẹ̀rẹ̀ ní 2021, ohun pàtàkì tó fi kún un ni pé ó ń ṣiṣẹ́ nínú FL Studio àti irú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi plugin. Bí ẹ ò bá lówó rẹ̀, Cardinal wà, òun náà ọ̀fẹ́, ó kó ọ̀pọ̀ module kan náà dání, plugin sì ni. Kò sídìí láti lọ gba crack, ètò jíjí tó ń kó kòkòrò wọ láptọ́ọ̀pù yín. Reaktor ti ilé iṣẹ́ Native Instruments, òun náà ètò tí a fi ń kọ́ synth lórí kọ̀ǹpútà, dára, àmọ́ owó ni wọ́n ń gbà fún un.

Ti iná, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Ẹ̀gbin tó ń pèsè 1,320 megawatt bí gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, gbogbo wa la sì mọ bí iná ṣe ń ṣe ní àdúgbò. Eurorack á kú tí iná bá ti lọ. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì.

Ibi tí àwọn tó ń takò ó ti sọ òótọ́ nìyí. Ó ń jẹ kọ̀ǹpútà. Ìgbà bíi 44,100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni module kọ̀ọ̀kan ń ṣe ìṣirò rẹ̀, àwòrán wáyà àti bọ́tìnì náà sì ń fa agbára tirẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tó ti gbó á gbóná, ohùn á máa já. Ẹ dín frame rate, iye ìgbà tí àwòrán ń yí padà, kù nínú VCV, kí ẹ má kó module ogójì jọ nígbà tí mẹ́jọ tó. Òótọ́ sì ni pé ó ń gba àkókò. Ẹni tí oníbàárà ń dúró dè fún bíìtì lálẹ́ òní, preset, ohùn tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, ni kó lò, kò sí àbùkù níbẹ̀. Ti pé ohùn rẹ̀ "ò nípọn" bíi ti ojúlówó, lẹ́yìn tí ẹ bá ti po orin pọ̀ tán, tó ti gba inú fóònù jáde sétí ẹni tó wà nínú kòrópe, mi ò tíì rí ẹni tó dá a mọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, VCV Rack tó jẹ́ ọ̀fẹ́ àti àwọn module tiwọn tó ń jẹ́ Fundamental ti tó. SEQ 3 tó wà nínú rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 8, ó gba Ìkòròdú lẹ́ẹ̀mejì gééré. Ẹ wá sequencer Euclidean kan mọ́ ọn fún agogo, kí ẹ fi 7 àti 12 sí i. Ẹ fi module Recorder ti VCV, òun náà ọ̀fẹ́, gba ohun tó jáde sílẹ̀ bíi fáìlì ohùn WAV, kí ẹ sì fà á wọ FL Studio tí ẹ ti mọ̀. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi, bí ó ti wù kó rí.