Treasure kì í ṣe ẹ̀ka Sega

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri pé ẹ̀ka Sega, ilé-iṣẹ́ eré fídíò ilẹ̀ Japan, ni Treasure tó ń ṣe eré fídíò, àti pé eré ọkọ̀ òfurufú tó ń yìnbọn nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Masato Maegawa àtàwọn tí wọ́n jọ kúrò ní Konami, ilé-iṣẹ́ eré fídíò mìíràn, ló dá Treasure sílẹ̀ ní Japan lọ́dún 1992. Ilé-iṣẹ́ kékeré tó dá dúró ni. Sega ló gbé eré wọn àkọ́kọ́, Gunstar Heroes, jáde lórí Mega Drive, ẹ̀rọ eré fídíò Sega, lọ́dún 1993, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣì í mú. Ilé-iṣẹ́ tó tẹ ìwé kọ́ ló kọ ọ́. Ẹ tan eré náà, kẹ́ ẹ ṣe sùúrù díẹ̀: lẹ́yìn àmì Sega, orúkọ Treasure á yọ.

Lóòótọ́, Radiant Silvergun (1998) àti Ikaruga (2001) jẹ́ eré ọkọ̀ òfurufú, iṣẹ́ àrà sì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìjà idà àti idán ló wà nínú Guardian Heroes (1996). Nínú Mischief Makers (1997), ńṣe lẹ máa ń gbá nǹkan mú, kẹ́ ẹ mì í jìgìjìgì, kẹ́ ẹ sì jù ú.

Nintendo 64, ẹ̀rọ eré fídíò ilé-iṣẹ́ Nintendo, ni wọ́n ṣe Mischief Makers fún, nígbà tí Sega ṣì ń ta Saturn, ẹ̀rọ tiẹ̀. Ẹ̀ka Sega wo ló máa ṣe eré fún ẹ̀rọ tó ń bá Saturn du ọjà?